Mo Lọ So Iná Ọkọ̀ Onígbòkun ní Libreville

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo jáde nílé ní Ẹ̀pẹ́, àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́, wáyà léjìká. Rédíò àti iná inú ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Sùlè, tí a jọ kọ́ṣẹ́, tó ń ta ohun èlò iná ní Avéa, àdúgbò kan ní Libreville, báyìí, ló ránṣẹ́ pè mí. Màdáàmù Odile, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ra ọkọ̀ onígbòkun. Ó fẹ́ fi lọ wo ọmọ rẹ̀ ní erékùṣù São Tomé, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, bàálù ti gbé mi dé Libreville. Lọ́dọ̀ wa, awakọ̀ takisí ló ń pe owó. Níbẹ̀, ìwọ èrò ni wàá pe ibi tí ò ń lọ àti iye tí wàá san. Bó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fọn fèrè. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọjá lọ láìwẹ̀yìn. Mo kígbe pé, "Avéa, cinq cents!" ìyẹn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì. Mẹ́ta kọjá. Ìkẹrin dúró, ó wo àpótí mi, ó sì sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sùlè, tó wá pàdé mi, bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ẹrù ẹ náà, èrò ni. Ẹgbẹ̀rún kan lòun máa gbà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a tẹ̀ lé àwọn agbégilódò dé èbúté Owendo, níbi tí wọ́n so ọkọ̀ Màdáàmù sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú wáyà tí iyọ̀ òkun ti jẹ, tí mo sì so tuntun. Ẹja yíyan àti bâton ni mò ń jẹ lọ́sàn-án. Ẹ̀gẹ́ ni bâton, wọ́n á gún un, wọ́n á fi ewé wé e gbọọrọ bí ọ̀pá. Ó le ju fùfú wa lọ, àmọ́ ó ń dúró níkùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, èmi, Ẹ̀gbọ́n Sùlè àti Màdáàmù bọ́ sójú omi. Rédíò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi pe mítà méje; okùn tí a jù sílẹ̀ náà pe méje. Orí mi wú. Ni Màdáàmù bá tan pilote, ẹ̀rọ tó ń dá darí ọkọ̀, ó ní kó kọjú sí òkun. Ọkọ̀ yí bìrí, ó dorí kọ àpáta etíkun! Màdáàmù pa ẹ̀rọ náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ọkọ̀ padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pákó. Sípíkà rédíò tí èmi fúnra mi kàn síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan kọ́ńpáàsì tí pilote ń tẹ̀ lé. Òòfà inú sípíkà ló ń ṣì í lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n Sùlè rọra sọ pé, "Ọ̀la ni bàálù ẹ. Ṣé kí n sọ fún Màdáàmù pé ẹ̀rọ ló ti gbó?"

Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Màdáàmù tẹjú mọ́ mi. "Ṣé wàá gbé ìyá ẹ wọ ọkọ̀ yìí?"

"Lónìí kọ́, mà. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti rí ọmọ mi. Ọjọ́ méjì ò lè pa mí."

Bàálù fi mí sílẹ̀. Mo gbé sípíkà náà jìnnà, mo tún gbogbo rẹ̀ dán wò. Nígbà tí a padà sójú omi, ọkọ̀ kọjú sí òkun, kò yẹsẹ̀. Màdáàmù ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ àkọ́sórí ọmọ ilé ìwé.

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo ní kó bò ó mọ́lẹ̀ ná. Mo ti rántí ọkọ̀ apẹja méjì tí mo kàn sípíkà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ráhùn. Mo gbé irinṣẹ́, mo gba etí ọ̀sà lọ.