Ẹsẹ̀ Ẹ́ńjìnnì tí Bàbá Mi Rà ní Zion Pepe

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì lè dá tukọ̀ kọjá odò iwájú ilé wa, etí ni wọ́n fi mọ̀ mí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń fi fóònù béèrè pé "ibo lẹ dé báyìí?", ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é láyé ìgbà náà fún yín. Orí òpó nínú omi ni ilé wa wà, kò jìnnà sí Òde Ugbò, gbogbo ọkọ̀ tó ń ti òkun bọ̀ ló sì ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Èyí á máa wúkọ́, èyí á máa kùn, òmíràn á máa sọ̀rọ̀ nínú imú. Obìnrin tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, bó bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ rẹ̀ láti òkèèrè, á gbé ìkòkò kaná. Kí ọkùnrin náà tó so ọkọ̀ mọ́ òpó, púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, ti délẹ̀. Èyí tí ọkọ rẹ̀ bá bá ìkòkò tútù nílé, àwọn aládùúgbò á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nílé tiwa, èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bàbá mi. Kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni. Màá na ọwọ́ sókè, màá ní, "Ìyé, wọ́n ń bọ̀ o," nítorí ìyé là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ní irọ́ ni mò ń pa, pé afẹ́fẹ́ ni mo gbọ́. Kò ní pẹ́ tí ariwo náà á fi sún mọ́ tòsí, ẹ̀gbọ́n mi á sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju ẹja lọ. Mo gbà pé tèmi ni ohùn yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbọ́ ọ ṣáájú mi, mi ò ní bá ẹni náà sọ̀rọ̀ títí dọjọ́ kejì.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn òjò, ẹ́ńjìnnì náà kọlu kùkùté kan tó fara pamọ́ sábẹ́ omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì là. Ẹsẹ̀ ni a ń pe apá tó ń wọ inú omi, èyí tí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú wà nídìí rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ rọ́jú fi í wálé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára kò gòkè mọ́. Ara rẹ̀ gbóná, písítìn sì gan mọ́ ọn nínú. Àjẹ̀ ni wọ́n fi tukọ̀ délé lọ́jọ́ náà, ọwọ́ bàbá mi sì bó.

Láìsí ẹ́ńjìnnì, kò sí òkun. Láìsí òkun, kò sí ẹja tí ìyá mi máa yan, tí kò bá sì yan ẹja, kí la fẹ́ jẹ? Wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kan, àgbàlagbà tí èékánná rẹ̀ kì í mọ́ láé. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà sórí ẹní níwájú ilé, ó tò ó káàkiri débi pé a ò rí ibi gbẹ́sẹ̀ sí. Bàbá mi ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ sọ èyí tó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun àti èyí tí a lè lo àlòkù rẹ̀ fún mi."

Mẹkáníìkì ní kí wọ́n ra písítìn àti ríìngì rẹ̀ ní tuntun, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, nítorí inú ikùn ni wọ́n ń wọ̀. Ó ní kabúrétọ̀ kò ṣe nǹkan kan, òun á fọ̀ ọ́. Ní ti ẹsẹ̀, kí wọ́n wá àlòkù tí iyọ̀ òkun ò tíì jẹ. Ìyá mi tó ń ṣa edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá sí i. Ó ní, "Mi ò fẹ́ ayédèrú nínú ikùn ẹ́ńjìnnì yẹn o. Àárín òkun kọ́ lèèyàn ti ń padà lọ bá ẹni tó ta ọjà fún un." Nígbà tí wọ́n dé ọjà Igbókọ̀dá, tí bàbá mi ń yí písítìn olówó pọ́ọ́kú kan wò lọ́wọ́, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sórí àtẹ, ó sì na ọwọ́ sí ojúlówó. Ojúlówó náà ni wọ́n rà.

Ẹsẹ̀ ló wá kù. Èyí tí wọ́n rí ní Igbókọ̀dá, agbára wa ò ká a. Ni mẹkáníìkì bá rántí opó kan ní Zion Pepe, lójú ọ̀nà òkun. Àìsàn ló pa ọkọ rẹ̀, wọ́n sì so ẹ́ńjìnnì olóògbé náà rọ̀ lábẹ́ ilé, lókè omi. Bàbá mi nìkan ló lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ náà dé tòun ti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kò ní ìpalára kankan, iye tó sì rà á rọ̀ débi pé mẹkáníìkì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi béèrè ìdí tó fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní opó ni, ó fẹ́ tà á kíákíá ni. Ó tẹjú mọ́lẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ìyá mi sì rí i.

Wọ́n tò ó pọ̀. Bàbá mi fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tiwa kọ́. Ohùn yẹn nípọn, ó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wá. Mẹkáníìkì ní kò sí àbùkù níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde, ibẹ̀ náà sì ni ohùn ń gbà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá mi ti òkun bọ̀, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo tẹ́tí. Ọkọ̀ olóhùn nínípọn kan ń bọ̀, mo ní kó máa lọ, kì í ṣe tiwa. Ibẹ̀ ni mo wà tí bàbá mi fi pè láti ìsàlẹ̀ pé, "Ṣé kò sẹ́ni nílé ni?" Ìkòkò tutù ringindin. Obìnrin ilé kejì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ojú ti ìyá mi, èmi sì wọlé lọ sunkún. Wọ́n ti jí nǹkan mi gbé, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà.

Obìnrin ilé kejì yìí náà ló mú ọ̀rọ̀ wá. Ó máa ń bá wọn wọkọ̀ lọ tajà kiri etí odò, ojú rẹ̀ tó gbogbo ibi. Ó fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà lójú, ó ní, "Ọkọ rẹ mà ti nílé kejì. Bó bá dé iwájú ilé opó Zion Pepe yẹn, á rọra. Obìnrin yẹn á jáde, ọkọ rẹ á ju ẹja sí i."

Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ má dá wọn lóhùn, ìyá mi sanra dáadáa. Láti ọjọ́ náà, kò sí agbọ̀n ẹja tó wọlé tí kò yẹ̀ wò. "Ọ̀bọ̀kún ńlá dà? Ṣé òkun ò bí ọ̀bọ̀kún ńlá mọ́ ni?" Ọbẹ̀ ò níyọ̀. Bí bàbá mi bá kí i, á ní "hùn-ún." Èmi náà ń bá a jowú, mò ń wo bàbá mi ní ìwòkuwò, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orogún nígbà náà.

Ó sú bàbá mi, ó sọ òtítọ́. Ó ní nígbà tí obìnrin náà máa gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn fún òun, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí òun má máa sáré kọjá níwájú ilé rẹ̀. Kí òun rọra. Ẹja tí òun ń jù sí i, àánú opó ló fà á.

Ìyá mi ní, "Ẹ sì gbà?"

"Mo gbà. Kí là bá fi dé òkun?"

"A jẹ́ pé kò rọ̀ nìyẹn. Èmi ni mò ń san ìyókù."

Lọ́jọ́ tí bàbá mi ń lọ ra epo, ìyá mi wé gèlè rẹ̀ mọ́rí gbọn-in gbọn-in, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ní kí n máa bọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, nítorí ó ti ń sọ ọ́ fún àwo láti àárọ̀ tó ti ń fọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé tún sọ létí ọmọdé. Nígbà tí a sún mọ́ Zion Pepe, bàbá mi fẹ́ sáré kọjá. Ìyá mi ní, "Ẹ rọra. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é?" Bàbá mi rọra.

Ọmọ kékeré kan ló kọ́kọ́ sáré jáde sórí pákó iwájú ilé, kò wọ nǹkan kan, ó ń ju ọwọ́. "Bàbá mi dé! Bàbá mi dé!" Ara mi gbóná. Mo dìde nínú ọkọ̀ débi pé ọkọ̀ fì, mo pariwo pé, "Bàbá tèmi ni! Kì í ṣe bàbá tìrẹ!" Ìyá mi fà mí láṣọ jókòó.

Obìnrin náà jáde lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó mú orógùn lọ́wọ́, púpurú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Èéfín ń yọ lórí òrùlé rẹ̀. Kò wo bàbá mi rárá. Ìdí ọkọ̀ ló ń wò, ibi tí omi ti ń hó, tí ohùn yẹn ti ń jáde. Mo rí i, ìyá mi náà sì rí i.

Ìyá mi bi í pé, "Ṣé ẹ̀ ń retí àlejò ni, tí ẹ fi mú orógùn dání?" Kíkan ọ̀rọ̀ yẹn ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí pákó. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ó ti kú, èmi ni mo pa á lójú dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ọ, ọwọ́ mi á ti gbé ìkòkò kaná kí n tó rántí."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi fọ àwo láàárọ̀, ẹyọ kan kò jáde. Ó wo èéfín orí òrùlé náà títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ kú ìrọ́jú," ó sì sọ fún bàbá mi pé kí a máa lọ.

Bí ẹ bá rò pé owú náà parí síbẹ̀, ẹ ò mọ ìyá mi. Nígbà tí a délé, ó pe bàbá mi jókòó. Ó ní bí ẹja bá máa lọ sí Zion Pepe, ọwọ́ òun ni kó ti máa lọ. Láti ìgbà náà, òun ló ń fi ewé di í, kì í mú èyí tó tóbi jù, kì í sì í mú èyí tó kéré jù. Ó tún ní bí bàbá mi bá ti dé ibi tí odò ti yí sí apá ilé wa, kó rẹ ohùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kó tún jẹ́ kó ké, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ má ṣe é níbòmíràn. Ìyẹn, tèmi ni." Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tó fi fi òkun sílẹ̀. Èmi ni mo pàdánù nínú rẹ̀. Ìyá mi ni àmì yẹn ń pè, kì í ṣe èmi, kí n tó na ọwọ́ sókè ni ìkòkò ti wà lórí iná. Mo ń jowú ìyá mi, bẹ́ẹ̀ òun ló bí mi. Nígbà tí opó yẹn kó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìyá mi mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ tó tún ń bi àwọn oníṣòwò bóyá wọ́n gbúròó rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, àwọn mẹkáníìkì kan, ọ̀dọ́, wá ra ẹ́ńjìnnì náà láti fi tún òmíràn ṣe. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló wù wọ́n, nítorí irú rẹ̀ ti wọ́n. Àwa ọmọ ní kó tà á. Ìyá mi ní kí wọ́n mú písítìn, kí wọ́n mú kabúrétọ̀, kí wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ó ní, "Ṣé kí n jókòó sílé mi, kí n máa gbọ́ ọkọ mi, kó máa kọjá lọ sílé obìnrin mìíràn?" Àwọn ọmọkùnrin náà ń wo ara wọn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹni tó lè tà á ní Zion Pepe nígbà yẹn, ó lọ́kàn jù mí lọ."

Ayé ti yí padà. Ẹ́ńjìnnì tuntun ló kún ojú omi báyìí, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń ké. Ti ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, tuntun ni wọ́n rà á, mi ò sì lè yà á sọ́tọ̀ láàárín tàwọn ẹlòmíràn. Àìmọye ìgbà ni mo ro púpurú de ọkùnrin tó ń kọjá lọ sílé ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí fóònù dé, mo dúpẹ́, ìkòkò ò tutù dè wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí àmì tí bàbá mi ń fún ìyá mi, mo ṣì ń jowú rẹ̀, pẹ̀lú ewú orí mi.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi fi ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn sí, mo so ó rọ̀ lábẹ́ ilé mi. Àwọn tó ń ra irin àlòkù máa ń tukọ̀ wá, àwọn ọmọ mi á ní kí n tà á, kí abẹ́ ilé lè mọ́. Màá ní kí àwọn oníirin máa tukọ̀ wọn lọ. Nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ kan bá ṣèèṣì rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tí odò ti yí, ọwọ́ mi á ti gbé ìkòkò kaná kí n tó rántí.