Lẹ́búlẹ́bú Irin fún Ọrùn Ìyá Mi

Ọdún tí ìyanṣẹ́lódì ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa pa ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu padà sí Ṣábẹ. Ìjọba ológun ò san owó oṣù àwọn olùkọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo bá kókó kan lọ́rùn ìyá mi, ó ti tó ọsàn. Dókítà ní ibi tó wà kò ṣeé fi ọ̀bẹ kàn, oògùn tó lè pa á yóò sì ba gbogbo ara jẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi la ẹnu. Iṣẹ́ tí èmi àti olùkọ́ mi ń ṣe nìyẹn: lẹ́búlẹ́bú irin tí ojú ò lè rí ẹyọ rẹ̀, tí a ń fi nǹkan tí ara lè yọ́ bò. Lọ́jọ́ iwájú, oògùn á wà nínú ìbòrí náà, a óò gbé òòfà tó ń fa irin sí ibi àìsàn, oògùn á sì dúró síbẹ̀ nìkan.

"Sí ọrùn mi níbí?" Ìyá mi fọwọ́ kàn án.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ṣùgbọ́n a ò tíì ṣe é débẹ̀."

Apá àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́. Kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n ti ń sọ fáwọn ará ilé pé ọmọ àwọn ti rí oògùn.

Kí ni mo lè ṣe? Mo da irin inú ìgò kékeré tí mo mú wá láti Kútọnu sínú omi gbígbóná nínú ìkòkò, mo pò ó mọ́ ìyẹ̀fun funfun tó fìdí kalẹ̀ nínú omi gbágùúdá, kó lè di ìbòrí rẹ̀. Mo rò ó títí. Irin ò gbà. Ó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Bó bá tilẹ̀ gbà, oògùn wo ni mo fẹ́ fi sínú rẹ̀?

Ìyá mi jókòó tì mí.

"Ṣé ìwọ àti olùkọ́ rẹ ò lè fi ara mi bẹ̀rẹ̀ ni? Bó bá bàjẹ́, ẹ ó ti mọ̀."

"Màámi, mi ò lè fi yín dán nǹkan wò."

"Ta ló wá kù tó máa ṣe é?"

Mo da ohun inú ìkòkò nù sẹ́yìn ilé.

Ó ku díẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ni ẹ̀kọ mímu ò kọjá lọ́fun ìyá mi mọ́. Òwú tútù ni mo fi ń tọ́ ètè wọn, títí wọ́n fi dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Nígbà tí mo padà sí Kútọnu, olùkọ́ mi ti lọ sí Faransé. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kó àga kún yàrá iṣẹ́ wa, wọ́n ti sọ ọ́ di yàrá ìkẹ́rùsí.