Ìròyìn Kejì Nípa Ògiri Pupa

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì wọ Niangon ní etí ìlú, kí àwọn ọdún 1970 tó parí, nígbà tí ará Treichville, àdúgbò wa láàárín ìlú, ṣì máa ń sọ pé òun ń lọ sí oko bí ó bá ń lọ sí apá ibẹ̀. Olùkọ́ ìtàn ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe iyè mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ gbá ìdí Ògiri Pupa ní ọjọ́ Sátidé ni mo ń kọ ọ́ fún. Ẹ pè mí síbi ayẹyẹ yín láìpẹ́ yìí. Ẹ fi mí síwájú, ẹ fún mi ní omi tútù. Ọ̀kan nínú yín dìde, ó ka ìtàn bí wọ́n ṣe gba Ògiri náà sílẹ̀. Clément ló ń dárúkọ ṣáá: Clément ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Clément ló bá ìjọba sọ̀rọ̀, Clément ni kò jẹ́ kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Kò dárúkọ Béatrice rárá. Mo pàtẹ́wọ́ nítorí pé ọmọ náà mọ̀wé kà. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ èyí.

Bí Ògiri ṣe rí lónìí nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n: ègé ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́, tí kò ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó ṣẹ́kù nìyẹn. Nígbà tiwa, ó nà láti ẹ̀yìn abúlé títí dé ibi tí ọ̀sà ti yà. Tí èèyàn bá wà nínú ọkọ̀ lójú omi, gbogbo ìpele rẹ̀ ló ń rí: erùpẹ̀ pupa lókè, yanrìn funfun lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ́yìn náà amọ̀ aláwọ̀ eérú tí ìkarahun kún inú rẹ̀.

Béatrice ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Àgbàlá kan náà la ti dàgbà ní Treichville. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun alààyè, ó sì máa ń kó wọn wọ bọ́ọ̀sì wá síbẹ̀. Á ní kí ọmọ kan fi ọwọ́ kan ìlà dúdú náà.

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Èédú ni, Mádàámù."

"Igi ni. Igbó kan ti wà níbí kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé tó máa ṣẹ́gi. Má fi èékánná họ ọ́, kò ní hù mọ́."

Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í họ ọ́.

Inú ìjọ wa ní Treichville ni ẹgbẹ́ náà ti jáde. Aránṣọ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, àwọn tó ń ta aṣọ lọ́jà wà, òṣìṣẹ́ èbúté kan wà. Ẹ má rò pé gbígbá ni iṣẹ́ wa. Òjò ni ọ̀tá tí a kọ́kọ́ ní. Omi á sàn wá láti òkè, á máa gé Ògiri díẹ̀díẹ̀, á ru ìkarahun lọ sínú ọ̀sà. Béatrice ló ní kí a gbẹ́ gọ́tà sí òkè, kí omi yà sí ẹ̀gbẹ́. A gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ọkọ́, a gbin koríko sí etí rẹ̀. Òun ló máa ń dúró nínú òjò, pẹ̀lú ike lórí, kó lè rí ibi tí omi ń gbà.

A wá nílò ààrẹ. A mú Clément nítorí pé ó ní kóòtù. Òótọ́ ni mo ń sọ, ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé nìyẹn. Ìyá àgbà kan ní, "Ẹ fi ẹni tó ní kóòtù síbẹ̀, àwọn ọ́fíìsì á dá a lóhùn." Akọ̀wé ni, ó ń sọ Faransé bí ẹni tó wà nínú rédíò. Kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìyókù tó lè yé yín. Ní 1958, nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n dìde sí àwọn ará Dahomey, ìyẹn Benin tòní, nínú ìlú yìí. Wọ́n ní àwọn àlejò wọ̀nyí ti gba iṣẹ́ mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n wọ àgbàlá wa. Ará Ẹjìgbò ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ní Dahomey ni ìyá mi ti wá, kò sì sí ẹni tó dúró béèrè ìyàtọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi lọ. Bàbá Béatrice lọ sùn sí èbúté pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n ń retí ọkọ̀ òkun. Ó bá ọkọ̀ náà lọ, kò padà wá. Béatrice àti ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá wa títí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má dá sí i, àlejò ni wá. Mo gbọ́ ọ ju Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lọ.

Nígbà tó di Sátidé kan, a gun òkè Ògiri, a bá katapílà níbẹ̀. Ó ti ya gọ́tà wa sí méjì. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé ló fẹ́ erùpẹ̀ pupa náà, kí wọ́n fi dí àbàtà tí títì máa gbà kọjá. Béatrice lọ jókòó sínú gọ́tà rẹ̀, níwájú ẹ̀rọ náà. Mo jókòó tì í. Àwọn obìnrin yòókù bá wa jókòó, àwọn ọkùnrin dúró lẹ́yìn wa.

Ọmọ Dyula kan, ará òkè àríwá, ló ń wa ẹ̀rọ náà. Ó yọ orí síta.

"Tàǹtí, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò lójú."

Béatrice ní, "Ìwọ lójú. Ìwọ lo ń wà á."

"Erùpẹ̀ lásán. Erùpẹ̀ wà káàkiri."

"Tó bá wà káàkiri, lọ wa ti ibòmíràn."

Ó wò wá, ó pa ẹ̀rọ. "Ẹ lọ bá ọ̀gá mi jà. Èmi, ebi ń pa mí." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú atiéké rẹ̀, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, ó sì bu fún wa.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn a pín ara wa, kí àwọn kan lè máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tó ń tajà á wá láàárọ̀, àwa olùkọ́ á wá tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Clément náà ń wá. Á dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A rò pé ó ń gbèjà wa ni.

Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn á rán ọ̀gá kan wá sí abúlé tó ni ilẹ̀ náà, kó wá gbọ́ bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i. Ará Ebrié ni wọ́n, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ etí ọ̀sà. Baálẹ̀ wọn pe èmi àti Béatrice ṣáájú ọjọ́ náà, ó bá wa sọ̀rọ̀ kedere.

"N kò lè fi ẹnu ara mi bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú ìjọba. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá gbé ẹjọ́ wá sí àgbàlá mi, ó di dandan kí n dá a. Títí n ó fi dá a, kò sẹ́ni tó máa wa ilẹ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́ síta nígbà tí wọ́n bá béèrè ìròyìn."

Ní àwọn abúlé etí ọ̀sà, o kì í débẹ̀ kí o máa sọ ohun tó gbé ọ wá. Wọ́n á fún ọ ní ìjókòó, wọ́n á fún ọ ní omi. Lẹ́yìn náà agbẹnusọ baálẹ̀ á béèrè ìròyìn. Ìdáhùn àkọ́kọ́, ìkíni lásán ni: kò sí wàhálà, a ní kí á wá kí yín ni. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò tíì tán. Wọ́n á tún béèrè. Ìgbà yẹn ni wàá sọ ọ̀rọ̀ gan-an, òun ni ìròyìn kejì. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wàá tọrọ ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti fún ọ ní ọ̀nà, ìjókòó ti tú, kò sẹ́ni tó tún lè ṣí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn àlejò. Ní ìpàdé wa, mo ní kí Béatrice sọ ọ́. Clément ní, "Ẹ fẹ́ fi obìnrin ṣíwájú nínú àgbàlá àwọn àgbà? Wọ́n á rò pé a kò ní ọkùnrin." Àwọn ọkùnrin gbà fún un, àwọn obìnrin kan náà gbà, ni wọ́n bá ní kí Clément sọ ọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá, mo bi agbẹnusọ baálẹ̀ bóyá èèwọ̀ ni kí obìnrin jíṣẹ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ẹni tí ẹ bá mú wá la máa ń gbọ́. Ta ló sọ fún yín pé èèwọ̀ ni?"

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n tẹ́ àga fún wa, wọ́n gbé omi wá. Ọ̀gá ìjọba jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà jókòó tì í. Agbẹnusọ dìde, ó béèrè ìròyìn. Clément dìde nínú kóòtù rẹ̀.

"Kò sí wàhálà kankan. A ní kí á wá kí baálẹ̀ ni."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Agbẹnusọ tún béèrè. Béatrice di ọwọ́ mi mú.

Clément ní, "Kò sí nǹkan mìíràn. Inú wa dùn sí iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe. A tọrọ ọ̀nà."

Mo rí baálẹ̀ tó ń wo Béatrice. Agbẹnusọ kò fún wa ní ọ̀nà lójú ẹsẹ̀. Ó tún bi Clément, èyí tí n kò rí i kó ṣe fún ẹnikẹ́ni rí: "Ṣé ibi tí ìròyìn yín parí sí nìyẹn?"

"Ibẹ̀ ló parí sí, Bàbá."

Mo dìde. Mo ní, "Kò parí. Nítorí Ògiri la ṣe wá."

Agbẹnusọ kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Tàǹtí, ẹnu tí ẹ mú wá ti sọ̀rọ̀." Ó fún wa ní ọ̀nà. Ọ̀gá ìjọba dìde, ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo lọ jókòó ti Clément.

Mo ní, "Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Mádàámù Rèbẹ́kà, ẹ rọra. Mo gbà yín là ni. Ẹ ti gbàgbé 1958?"

"Àgbàlá wa ni wọ́n wọ̀ ní 1958. Níbo lo wà?"

Bouaké ló wà, ìlú tó jìnnà sí wa. Bàbá rẹ̀ ń ta ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Béatrice yíjú láti iwájú. "Clément, tó o bá ń bẹ̀rù, o lè sọ fún wa. Ǹ bá sọ ọ́ fúnra mi. Èmi náà ń bẹ̀rù."

Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin kò mọ òṣèlú." Ó wo ojú fèrèsé títí a fi dé Treichville.

Katapílà padà wá. Wọ́n kó erùpẹ̀ pupa, wọ́n kó yanrìn funfun, ìlà dúdú lọ pẹ̀lú wọn. Ó wà lábẹ́ títì tí ẹ ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́. Kí ọdún tó yípo, Clément ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé kan nínú àwọn ilé tuntun tí ilé iṣẹ́ náà kọ́. N kò sọ pé wọ́n fi san án lẹ́san. Mo sọ pé ó ní i.

Ẹgbẹ́ tú ká. Èmi àti Béatrice nìkan la padà sí abúlé. A jókòó, a mu omi, wọ́n béèrè ìròyìn, Béatrice kí wọn. Wọ́n tún béèrè. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí gọ́tà dé orí ìkarahun. Baálẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tí mo ti jẹ́ kó lọ, n kò lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ibi tí a ń so ọkọ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹjọ́ rẹ ti wà nílẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì ní wa ibẹ̀." Nígbà tí àwọn ará ilé iṣẹ́ náà tún dé, wọ́n bá àwọn apẹja tó jókòó síbẹ̀. Ègé tí ẹ ń gbá nìyẹn. Béatrice ló gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú baálẹ̀ tó ti kú báyìí.

Béatrice náà ti lọ. Gọ́tà kékeré kan wà lókè ègé náà, koríko ti bò ó. Òun ló gbẹ́ ẹ kẹ́yìn. Ẹ lọ wò ó nígbà òjò, omi ṣì ń gba ibi tó ní kó gbà. Orúkọ Clément ló wà lára pátákó tó wà nísàlẹ̀.

N kò ní kí ẹ já pátákó. Ó ti dàgbà bíi tèmi, ó ní ọmọ láàárín yín, ó sì ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó jẹ wá ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi í, tí kò sọ. Mo ti dúró kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, mo sì rí i pé kò ní sọ ọ́.

Ìròyìn kejì nìyí. Mo tọrọ ọ̀nà.