Bí Mo Ṣe Sọ Nọ́ńbà Máàrún Ará Japan Di Agbábọ́ọ̀lù Sáwọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò tíì sọ ní gbangba rí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Ẹ rọra fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ìgbà tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Tíṣà Faransé ni mí ní Ẹ̀gùá níbí, èmi náà sì ni nọ́ńbà máàrún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Ọdún méjìlá ni mo ti wà ní ipò yẹn, ní ẹ̀yìn, níwájú gólíkípà gan-an. Ṣé torí pé mo mọ bọ́ọ̀lù gbá ni, àbí torí pé kò sẹ́lòmíràn? Kóòṣì wa, Bàbá Làmídì, lẹ máa bi.

Bọ́dà ti tì, gbogbo ìlú kàn jókòó ni. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù kọjá tẹ́lẹ̀ ti ń sá aṣọ lórí ọ̀kadà wọn. Bọ́ọ̀lù nìkan ló kù tá a fi ń tura. La bá dájọ́ pẹ̀lú àwọn ará Ajílété pé ká pàdé lórí pápá, kí ẹni tó bá borí mú àgbò ńlá kan lọ sílé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ni ọkùnrin ará Japan kan dé. Kẹ́njì lorúkọ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ló ń gbé, níbi tó ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì. Ó wá sí yunifásítì tó wà ní Ayétòrò, ibẹ̀ ló wà tí bọ́dà fi tì. Ó wá sí Ẹ̀gùá bóyá wọ́n á jẹ́ kóun kọjá. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n ní ìwé rẹ̀ dáa, bọ́dà ni kò dáa. Bàbá Làmídì bá fún un ní yàrá kan nílé rẹ̀.

Kẹ́njì ò rọrùn lẹ́nu àwọn màmá ìlú, ni wọ́n bá ń pè é ní Kẹ́hìndé. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi í pé Táíwò ńkọ́.

Kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò sì tó nǹkan, àmọ́ ó gbọ́ Faransé dáadáa. Ta ló máa ṣe ògbufọ̀ bí kò ṣe èmi?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wá wò wá níbi tá a ti ń gbaradì. Bọ́ọ̀lù kan fò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi àyà gbà á, ó jẹ́ kó rọra bọ́ sílẹ̀, ó sì gbá a láti ìkángun pápá kan dé ìkejì, síbi ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ kó gbà á gan-an.

Bàbá Làmídì ní kí n bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Kẹ́njì ní iṣẹ́ òun ni tẹ́lẹ̀, pé ọdún mọ́kànlá lòun fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Japan kí orúnkún òun tó dá òun dúró. Mo bi í nípò tó ń gbá. Ó ní ẹ̀yìn ni. Nọ́ńbà máàrún.

Ipò mi gan-an. Bàbá Làmídì ń wo ẹnu mi.

"Kí ló wí?"

"Ó ní iwájú lòun ń gbá, Bàbá. Agbábọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ìyàwó mi ti lọ jẹ́sì mi, ó sì ti pe gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n wá wò mí. Mo yíjú sí Kẹ́njì, mo sọ fún un ní Faransé pé kóòṣì fẹ́ kó gbá iwájú, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ará Ajílété. Ó tẹrí ba, ó gbà.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ Kẹ́njì níwájú àwọ̀n Ajílété, ṣe ló ń gbá a jáde. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ò kúrò lára. Bó bá ti rí bọ́ọ̀lù níwájú àwọ̀n, ó di dandan kó lé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gólíkípà Ajílété dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn níbi tí mo wà, nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn ti sáré kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti jẹ gólù méjì.

Nígbà ìsinmi, Ìyá Sìkírá dìde. Obìnrin yìí ti ń ra aṣọ ní Kútọnu fún ogún ọdún kí bọ́dà tó tì, Faransé ọjà sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó gbé omi fún Kẹ́njì, ó sì bi í pé kí ló dé tó ń gbèjà Ajílété dípò kó jà fún àgbò wa. Kẹ́njì ṣàlàyé fún un. Ìyá Sìkírá ká ọwọ́ lérí.

"Tíṣà, ṣé Faransé tó o fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nìyí? Ọkùnrin yìí ní ẹ̀yìn lòun ń gbá, òun sì ti sọ fún ẹ."

Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn lè ní ìtumọ̀ méjì. Ìyá Sìkírá ní rárá o, ẹyọ kan ló ní. Mo wo ìyàwó mi, ó ti tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀.

Bàbá Làmídì ní kí n bọ́ jẹ́sì. Mo ti bọ́ ọ dé ọrùn kí Kẹ́njì tó di ọwọ́ mi mú. Ìyá Sìkírá ló gbẹnu sọ fún un, torí kò sẹ́ni tó tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́. Kẹ́njì ní òun nìkan ò lè dá ẹ̀yìn ṣọ́, òun nílò ẹni tóun lè bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bá a ṣe jọ dúró nìyẹn. Kẹ́njì ò dákẹ́. Bọ́ sí òsì. Dúró. Má sáré, jẹ́ kó wá bá ẹ. Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbá ipò yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n dúró. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án Ajílété ò kọjá mọ́. Àwa náà jẹ gólù kan, a ò rí ìkejì jẹ. Wọ́n fa àgbò lọ sí Ajílété. Kò sẹ́ni tó kí mi bá a ṣe ń túká.

Mo tẹ̀lé Kẹ́njì dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé Bàbá Làmídì, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ta gìrì, ó fà mí dìde, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín yẹn lọ lójú rẹ̀.

Ó ní òun náà ti ṣe é rí. Lọ́dún tóun gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan wá tó fẹ́ gba ipò òun. Ó bi òun nígbà tí bọ́ọ̀sì máa gbéra lọ síbi ìdíje. Aago mẹ́jọ ni, àmọ́ aago mẹ́sàn-án lòun sọ fún un. Bọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀, kóòṣì ò sì mú un mọ́. Ó ní kì í ṣe orúnkún tóun máa ń sọ fáwọn èèyàn ló lé òun kúrò gan-an. Òun ò lè wo ojú ọmọ yẹn mọ́ ni.

Mo bi í bóyá ó ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá. Mo ní kó pè é. Ó ní kí lòun máa sọ? Mo ní ohun tó sọ fún mi yìí náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè é. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, èdè wọn ló ń sọ. Àmọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ló ń tẹ̀ ba, ó ń tẹ̀ ba wọlẹ̀wọlẹ̀, fóònù létí, kò sì sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀ bí kò ṣe ewúrẹ́ Bàbá Làmídì.

Bàbá jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. "Ta ló ń kí yìí?"

"Ó ní ẹnì kan tí òun ṣẹ̀ ní Japan ni, Bàbá."

"Ṣé ẹni yẹn ń rí i ni?"

"Rárá, sà."

Bàbá yọ pákò lẹ́nu, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Èmi ń rí ẹ o."

Kó tó pa ẹnu dé, àyà mi ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ipò téèyàn bá fi irọ́ ṣọ́, kò sinmi lórí ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bẹ Bàbá Làmídì ni mo tó sùn dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti purọ́ dí lọ́nà rí, ṣé ẹ sì ti bẹ̀ ẹ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.