Mo Yọ Hẹdifóònù Létí Nítorí Àna Mi

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo jáde nílé wa ní Ìlọrin. Mo gbé báàgì kọ́ èjìká ọ̀tún, mo gbé ìgbéraga kọ́ èjìká òsì. Ẹ máa fọkàn sí ìgbéraga yẹn, nítorí pé òun nìkan ni mi ò gbé padà wálé.

Ìyàwó mi, Fúnmiláyọ̀, fi igi ìtilẹ̀ rọra tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ǹtì àwọn dókítà láti ìgbà tó ti ṣubú nílé ìwé, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá rìnrìn àjò náà. Ilé wọn ni mò ń lọ, Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjùmú, lẹ́bàá Kabba. Gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ohùn Màmá lè yí padà, ó sì lè má bọ̀ sípò mọ́. Orin kan wà tí Màmá máa ń kọ nídìí ọlọ. Orúkọ ìyàwó mi wà nínú ẹsẹ tó gbẹ̀yìn orin náà, torí pé ìdí ọlọ ni ìrọbí ti mú Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

“Bàbá Ìbùkún,” ló wí, “mi ò fẹ́ iṣu, mi ò fẹ́ kajú. Ẹ bá mi gba orin yẹn. Gbogbo ẹ̀ o.”

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” ni mo dá a lóhùn. “Ṣé èmi tí mo ti ń pa àlọ́ láti kékeré ni ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gba orin?”

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gba ohùn fún àwọn tó ń ṣe fíìmù ló yá mi ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ohun kékeré dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó fún mi ní maikirofóònù wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ, àti hẹdifóònù ńlá tó ń bo etí méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó fi odindi wákàtí kan kọ́ mi. Ó ní kí n yí kẹ̀kẹ́ ohùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ pátápátá kí n tó ki hẹdifóònù bọ ihò rẹ̀, kí ariwo má bàa fọ́ mi létí. Kí n wá dé e, kí ẹni tó fẹ́ kọrin sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n sì máa yí kẹ̀kẹ́ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ní etí tèmi nìkan ni kẹ̀kẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Òmíràn wà níwájú tó ń pinnu bí ohùn tó ń wọnú ẹ̀rọ ṣe máa lágbára tó. Kí n má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì.

“Lékè gbogbo ẹ̀,” ló wí, “má yọ ọ́ létí títí orin á fi parí. Nọ́ńbà á máa sáré lójú ẹ̀rọ, iná pupa á máa tàn, kó má sì sí nǹkan kan tó ń wọlé. Ohun tí o ò bá fi etí ara ẹ gbọ́, má sọ pé o gbà á.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ ò rí i pé ẹnu ni mo fi gbọ́.

Gọ́ọ̀fù ni mo wọ̀, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà fún ìjókòó iwájú. Sálíù ni awakọ̀ náà ń jẹ́, ọmọ Kabba ni, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lára dígí. Ọ̀nà dára díẹ̀ títí dé Òmù-Àrán. Nígbà tí a kọjá Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀nà sọ fún wa pé òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Àwọn ihò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí mọ́tò bá wọ̀ ọ́, àwọn èrò á kí ara wọn kú àbọ̀ bó bá jáde. Ṣùgbọ́n àwọn òkè àpáta ilẹ̀ náà ga, wọ́n dán, ìkùukùu dì wọ́n lórí bí gèlè. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló pọ̀, èèyàn á ti rí àlejò kó tó dé. Níbẹ̀, òkè á gbé ìlú pamọ́ sẹ́yìn, àfi kí o yà ní kọ́nà lójijì kí páànù máa kọ mọ̀nà sí ọ lójú.

Ní Odò-Ẹrẹ̀ a dúró jẹun. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù, iyán gbígbóná ni wọ́n gbé fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹ iyán láago mẹ́sàn-án ti lọ fún oorun ìyókù ọjọ́ náà. Wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé ọkọ́ lọ sóko. “Okun o!” ni ìyá olóúnjẹ fi kí wa. Ìkíni ilẹ̀ náà nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn ní Okun. Àwa á ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀fọ̀. “Okun” kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀ dání.

Ọ̀kadà ló gbé mi láti Kabba dé Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nínú àgbàlá. Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyàwó mi tó ń tọ́jú ìyá wọn, gbé omi wá. Mo tú ẹrù mi, mo há maikirofóònù mọ́ ọrùn aṣọ Bọ́sẹ̀ láti fi dánra wò. Mo yí kẹ̀kẹ́ wálẹ̀, mo ki hẹdifóònù bọ ihò, mo dé e, mo rọra yí i sókè. Ẹ wá gbọ́! Mo gbọ́ ọmọ odó tó ń dún nílé kẹta. Mo gbọ́ ewúrẹ́, mo gbọ́ Bọ́sẹ̀ tó ń mí. Inú mi dùn bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra etí tuntun fún. Nígbà tí mo dán an wò tán, mo pa bọ́tìnnì kékeré tó wà lára maikirofóònù, kí bátìrì má bàa jẹ dànù kí aago mẹ́rin tí Màmá dá fún orin náà tó lù.

Aago mẹ́rin lù. Màmá jókòó sídìí ọlọ rẹ̀, ó da ọkà bàbà sí i. Mo há maikirofóònù mọ́ ọn lọ́rùn, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, iná tàn, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gbé hẹdifóònù, ó kù díẹ̀ kí n dé e, mo bá rí ojú Màmá tó ń wò mí. Ara mi kọ̀ ọ́. Èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́ pé a kì í dé fìlà níwájú àna, kí n wá dí etí méjèèjì níwájú ìyá ìyàwó mi nígbà tó ń sọ̀rọ̀? Mo gbé e kọ́ ọrùn.

“Bọ̀dá mi,” ni Bọ́sẹ̀ sọ wẹ́lẹ́, “ṣé kì í ṣe etí ló yẹ kí nǹkan yẹn wà?”

“Èèwọ̀!” ni mo wí. “Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo dití sí ìyá mi ni?”

Kí n má bàa máa tẹjú mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ àgbà sú, mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Màmá wá kọrin. Ó fi òkúta lu òkúta, ó fi ohùn lé e, ó kọ ọ́ títí dé ẹsẹ orin ti ìyàwó mi:

Mo fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ lórí ọlọ,
Mo lọ gbé Fúnmiláyọ̀ wá.
Mo padà dé, ẹyẹ ti jẹ ìyẹ̀fun;
Ẹyẹ yó, èmi náà yọ̀.

Omi bọ́ lójú mi. Nígbà tó parí, ó di ọrùn mú, ó béèrè pé, “Bàbá Ìbùkún, ṣé ó wọlé?”

Ibí ni ìtìjú mi wà gan-an. Mi ò wò ó. Ó ṣe mí bíi pé bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀, ó máa dà bíi pé mò ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Mo ní, “Ó wọlé dáadáa, Màmá.”

“Tò,” ló wí. Ọ̀rọ̀ Hausa tó ti di tiwọn nìyẹn. “Ó dáa” là ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo tún bá Sálíù padà sọ́nà Ìlọrin. Nígbà tí a fẹ́ wọ Mọpá, mo ń ṣakọ fún un nípa orin náà, mo bá dé hẹdifóònù kí n gbọ́ díẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Mo yí kẹ̀kẹ́ sókè títí kò lọ mọ́. Kẹ́kẹ́ pa síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan maikirofóònù nínú báàgì: pípa tí mo pa bọ́tìnnì rẹ̀ lánàá ló ṣì wà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo gbà, kò sí ohùn ẹ̀dá kan nínú rẹ̀.

Sálíù gba hẹdifóònù, ó fi etí kan gbọ́ ọ.

“Ọ̀gá,” ló wí, “ohùn ìyá yín tutù o. Mi ò gbọ́ ohùn tó tutù báyìí rí.”

Gbogbo èrò ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nà Ìlọrin wà níwájú mi. Mo lè lọ sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo rò ó, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀. Mo ní kí Sálíù sọ̀ mí. Ó dá mọ́tò kan tó ń lọ sí Kabba dúró fún mi, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ mi fún awakọ̀ yẹn láìfi ẹyọ kan pamọ́. Awakọ̀ yẹn ro ó fún ọlọ́kadà. Kí n tó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ní Kabba, ọmọkùnrin náà ti bi mí pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ wá gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́?”

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò dìde.

“Bàbá Ìbùkún! Kí lo gbàgbé?”

“Ohùn yín ni, Màmá.”

Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀. “O ní ó wọlé.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀, Màmá.”

“Ṣé o wò ó ni?”

“Mi ò wò ó.”

“Tò.”

Tò yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe pa bọ́tìnnì, àti bí mo ṣe yọ hẹdifóònù nítorí ọ̀wọ̀. Ìgbà náà ni Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ọrùn mú.

“Dókítà tó fẹ́ gbọ́ àyà mi,” ló wí, “ṣebí ó ki nǹkan bọ etí? Ṣé ó bú mi ni? Torí kó lè gbọ́ mi ló ṣe dí etí. Ìwọ wá ṣí tìẹ sílẹ̀ gbayawu, o ò gbọ́ nǹkan kan. Gbé e wá kí n rí i.”

Mo yí kẹ̀kẹ́ wálẹ̀, mo tan maikirofóònù, mo há a mọ́ ọn, mo dé hẹdifóònù lé e lórí gèlè. Mo yí kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ là.

“Háà! Ewúrẹ́ ilé Ìyá Sàfú ni mò ń gbọ́ yìí?” Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dẹwọ́. “Ohùn mi nìyí? Ó ti darúgbó o.” Ó yọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lé mi létí. “Má yọ ọ́ o, àna mi tó da tàná nù. Tẹ nǹkan ẹ, kí n máa bú ẹ lọ kí ọ̀fun mi fi gbóná.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bú mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó mú ọmọ ọlọ. Lọ́jọ́ yìí, mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ lánàá pẹ̀lú bí mo ṣe jókòó tì í: èémí tó ń gbà kó tó mú ìlà kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀ bí ọwọ́. Àná ti gba agbára rẹ̀. Nígbà tó kù ẹsẹ kan, ó wúkọ́, ó sì gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀.

“Ó tó. Dókítà ní kí n má fi agídí ṣe é.”

“Màmá, ẹsẹ ti Fúnmi...”

“Mo kọ ọ́ lánàá,” ló wí.

Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, iná kú.

Ọjọ́ Ajé ni mo délé. Lójú ọ̀nà, mo ti pinnu pé màá ní Màmá ló gbàgbé ẹsẹ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn kúrò nínú ẹ̀rọ. Ìyàwó mi dé hẹdifóònù, ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìyá rẹ̀ tó ń sọ pé, “Fúnmiláyọ̀, wo ọkọ ẹ tó gbé ohùn mi dànù lánàá, tó ní ó wọlé.” Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó gbọ́ ọ dópin. Ó yọ ọ́ létí.

“Ibi orúkọ mi ńkọ́?”

“Wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta,” ni mo wí. “Èmi ni mi ò gbà á.”

Ó na hẹdifóònù sí mi. Ó ní, “Ẹ dé e. Ẹ tan maikirofóònù náà kí n rí i.” Mo tàn án lójú rẹ̀, mo dé hẹdifóònù, mo tẹ pupa. Ó na ẹsẹ̀ tó wà nínú sìmẹ́ǹtì, ó sì kọ ẹsẹ orin tó kù, láti orí ìyẹ̀fun tó wà lórí ọlọ títí dórí ẹyẹ tó yó.

Wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ náà. Ara Màmá ń le, ṣùgbọ́n ohùn tó padà kì í ṣe ohùn ìdí ọlọ mọ́. Orin náà pé lọ́wọ́ wa. Ohùn ìyá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn ọmọ ló parí rẹ̀, àwọn tó bá gbọ́ ọ sì máa ń ní ó dùn bẹ́ẹ̀, bíi pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi á yíjú sí mi, èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.