Èéfín Tí Bàbá Mi Yà ní Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin

Ọjọ́ tí èmi àti bàbá mi lọ dúró de rélùwéè kò lè kúrò lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ títí di òní, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tíì yé mi.

Bàbá wá kí wa ní Ugbor, ní ìlú Benin, láti Ìkìrun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò rélùwéè, irú èyí tí bàbá tiwọn máa ń ko èédú sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Kò sí ojú irin ní Benin, ni mo bá fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ẹ̀bá Agbor. Wọ́n yan ibi tí ilẹ̀ ti gun òkè.

"Ibi òkè ló ti máa ń rú èéfín," ni wọ́n wí. "Èéfín la ó kọ́kọ́ rí."

"Bàbá, ti ìsinsìnyí kì í rú èéfín bẹ́ẹ̀ mọ́."

Nígbà tó yá, èéfín dúdú yọ lókè igi níwájú wa. Ọkàn mi dàrú. Bàbá gbé fóònù sókè, wọ́n yà á. Àṣé àgbẹ̀ kan ló ń sun pàǹtí oko. Ibi tí a ti ń wò ó ni fèrè ti dún lẹ́yìn wa. Ilẹ̀ mì. Mo fa Bàbá lápá, rélùwéè sì kọjá fìrì, èéfín rẹ̀ ò tó ti sìgá.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de òmíràn, sà."

"Ti kí ni? Mo ti rí i yà."

Nílé, wọ́n fi fọ́tò náà han ọmọ mi. Èéfín nìkan ló wà níbẹ̀.

"Grandpa, where the train?"

"Ó wà lábẹ́ èéfín. Bàbá mi ló ń dáná sí i."

Ọmọ náà wò ó pẹ́, ó ní òun ti rí i. Ó wá ku èmi nìkan tí n kò tíì rí i.