Bàbá Dídán àti Ìdè Tó Ń Fọ́

Kò sí ohun tí Bàbá Dídán kì í fọ̀. Etí òkun ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń yá àwọn èèyàn ní pátákó onígbòkun, èyí tí èèyàn ń dúró lé lórí kí atẹ́gùn máa gbé e lọ lójú omi. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tún wọn ṣe. Bó bá fọ nǹkan tán, o lè fi ṣe dígí. Ohun tó bá dán ni oníbàárà ń fẹ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ìdè nìkan ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ìdè ni ike tó so ọ̀pá ìdìmú mọ́ òpó ìgbòkun. Bó bá fọ́ lójú omi, ìgbòkun á wó, ẹni tó dì í mú á bá a lọ sínú òkun. Tuntun kì í pé oṣù méjì lọ́dọ̀ wọn. Ẹni yòówù kó gbé èyí tó fọ́ wá, èsì kan náà ni Bàbá Dídán ń fún un: "Ẹ fún un jù ni. Ọwọ́ yín ti le jù."

Mẹ́ta fọ́ mọ́ Tíṣà lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń dúró lórí pátákó. Bàbá Dídán sọ tiẹ̀ fún un tán, ó tún gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ. "Ọ̀gá, ọwọ́ obìnrin yẹn ò dáa. Á sọ yín di onígbèsè." Wọ́n yọ Tíṣà kúrò lójú omi, wọ́n ní kó máa já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́jọ́ Ajé kan, Bàbá Dídán rí i pé òun ti gbàgbé ìdè tuntun kan sínú abọ́ bẹntiróò láti ọjọ́ Ẹtì. Bẹntiróò ni àṣírí dídán rẹ̀. Ó mú ìdè náà jáde, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó rún wómúwómú bíi bisikíìtì.

Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí i. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì í, tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ gbóná nínú yàrá tí òun nìkan wà. Òun gan-an ló ń fi bẹntiróò ba ike jẹ́, tó sì ń di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gba fèrèsé ẹ̀yìn ilé wọṣẹ́ kó má bàa kọjá lọ́dọ̀ Tíṣà. Ẹ wo àgbàlagbà onírùngbọ̀n tó ń fo fèrèsé!

Lọ́jọ́ kẹrin, ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ọ̀gá pariwo títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá Dídán wá lọ bá Tíṣà.

"Tíṣà, ẹ̀bi mi ni. Bẹntiróò tí mo fi ń fọ̀ wọ́n ló ń bà wọ́n jẹ́. Ọ̀la lẹ máa padà sójú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó ti múra de èébú. Ì bá tilẹ̀ tù ú lára. Tíṣà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín rárá."

"Ṣé ó dá yín lójú? Torí láti ìgbà tẹ́ ẹ ti sọ ọ́, mi ò wẹ ọmọ mi mọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́. Mò ń bẹ̀rù kí n má lọ ṣe é léṣe."